Ta Ló Ni Ọjọ́ Rẹ?

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tí ayé ti dẹrùn jù láàárín Nàìjíríà àti Benin, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: iná ọba ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Èló ni wọ́n ń ta ìrẹsì? Àwa ará Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò títí kan Ìmẹ̀kọ, ti ń fi ibi méjèèjì wéra fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó pín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ti Alákétu látijọ́, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba wà lọ́hùn-ún, ọmọ rẹ̀ wà níhìn-ín.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo ń rò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló fara balẹ̀ ṣèwádìí rẹ̀: láyé amúnisìn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló di ẹrù wọn kúrò lábẹ́ Faransé wá sọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe pé ilẹ̀ tiwa lọ́ràá jù. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì. Lọ́hùn-ún, ìjọba lè mú ọkùnrin lójú oko, kó fi í ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìsan kọ́bọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó lè mú ọmọ rẹ̀ lọ ṣójà. Aláṣẹ òyìnbó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ọdún 1946 ni wọ́n tó fòfin de iṣẹ́ ipá. Apá Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀run o. Owó orí àti iṣẹ́ ipá wà lára ohun tó dá Ogun Adúbí sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sá bọ̀ ti wọn méjèèjì wò, wọ́n sì mọ ibi tí òwúrọ̀ ẹni ti lè jẹ́ tẹni díẹ̀.

Mo gbà pé òṣùwọ̀n wọn péye ju tiwa lọ. Ilé ìwòsàn àti iná ṣe pàtàkì. N kò ní bá ẹni tí aya rẹ̀ ń rọbí lóru jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe, bí kò ṣe pé kí èèyàn lè fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí?

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yẹn wo tòde òní: ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Títí dòní, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ibùdó àyẹ̀wò kan kì í jìnnà sí èkejì, obìnrin tó kó gààrí lọ sọ́jà sì ń fi wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ wa kò ti Paris wá mọ́. Ó dùn mí púpọ̀.

Àwọn kan sọ pé ọkàn balẹ̀ jù ní Benin báyìí, nítorí pé owó sẹ́fà wọn kì í sábà já lulẹ̀ lójijì bíi náírà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ Ìlaròó bá bi mí bóyá kí òun kọrí sí Èkó tàbí Kútọnu, n kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù. Mo máa ń ní kó ka wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yóò gbà, kó ka oṣù tí yóò fi kọ́ èdè Faransé ní Kútọnu, kó wá wo èyí tó ṣẹ́kù fún un.