Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn
Ẹ̀kọ́ kíkà: Orin Dáfídì 127

Púpọ̀ nínú wa ni kò tún ṣí ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò ní ilé-ìwé. Àwọn kan tilẹ̀ ń wí pé ìwé iwin ni, kò yẹ kí ó wà nílé onígbàgbọ́. Ẹ rántí pé olùkọ́ onígbàgbọ́ ni D. O. Fágúnwà tí ó kọ ọ́, ìjọ C.M.S. ni ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Mo tún un kà láìpẹ́ yìí, ohun kan nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Kì í sì í ṣe iwin.

Kàkó ni. Ọba rán àwọn ògbójú ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà wá. Nígbà tí Àkàrà-ògùn wá pe Kàkó, obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì í mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ. Kàkó rí i pé ó ń dá òun dúró, ó ṣá a pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́mọdé, a sáré ka ibẹ̀ kọjá, ibi tí ìjà wà ni ojú wa wà. Ẹni tí ó ti gbéyàwó, tí ó ti bímọ, kò lè kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlàáfíà ni ọkùnrin yìí ń wá lọ o! Ilé tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tú.

Àwa tí a wà ní Woolwich àti Thamesmead, ohun rere ni àwa náà ń wá: owó ilé-ìwé ọmọ, ìwé ìgbélùú, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìyá nílé. Bàbá ń jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì 177 kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà: "Oúnjẹ wà nínú fíríìjì." Ó parí. A kò yọ idà, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún irú èyí lè pa ìgbéyàwó láìsí ariwo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé kiri, a kò mọ àwọn tí ó ń bá rìn ní Abbey Wood. Kí ọ̀rọ̀ náà má sì dùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ jù: àìsùn ọjọ́ Ẹtì, ìdánrawò akọrin, ìpàdé ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Iṣẹ́ Ọba ni, lóòótọ́. Iṣẹ́ ọba ni Kàkó náà ń lọ jẹ́.

A ti gé Sáàmù yìí sí méjì. Bí a bá ń ṣí ilé, a ka ti ẹni tí ń kọ́ ilé lásán àti ẹni tí ń jí ní kùtùkùtù. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, a ka ti àwọn ọmọ tí í ṣe ogún Olúwa. Sólómọ́nì kò gé e. Ẹni tí kò sùn nítorí iṣẹ́ náà ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ọmọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí tọkọtaya gbé ìwé àkókò iṣẹ́ wọn sórí tábìlì, kí wọ́n wá alẹ́ kan tí gbogbo ilé yóò wà pọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá pè yín ní alẹ́ náà, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ má wá. Ẹ ka ibi Kàkó fún àwọn ọmọ. Bí Yorùbá bá ṣòro fún wọn, Wọlé Ṣóyínká ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Kí ẹ bi wọ́n bóyá Kàkó ṣe dáadáa, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ títí wọn yóò fi dáhùn.