Ogbègúndá àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ Adití

Nínú Ogbègúndá, Ifá sọ ìtàn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílééméré ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń mọ orí fún ènìyàn, nílé. Wọ́n wọ ibi tó kó orí sí, wọ́n mú èyí tó dán, tó wu ojú wọn, wọ́n sì bọ́ sọ́nà. Òjò pa wọ́n, orí bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kí wọ́n tó dé ayé, ó ti jẹ tán.

Ìtàn yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ ìfọhùn tí wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ adití ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Olùkọ́ á gbé ọwọ́ ọmọ lé ọ̀fun ara rẹ̀ kó lè mọ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n. Á na ìwé pélébé síwájú ètè ọmọ: bí ọmọ bá pe “p” Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìwé á mì. Bí kò bá mì, kó tún un pè. Ìṣirò ń dúró, ìtàn ń dúró. Ọmọ tó bá sì fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, wọ́n á nà án lọ́wọ́. Wọ́n tún ní kó máa wo ẹnu mọ ọ̀rọ̀. Ní èdè tiwa ńkọ́? Igbá, igbà, ìgbà àti igba: bákan náà ni gbogbo wọn rí lẹ́nu.

Orí tó dán ni ẹ̀kọ́ ìfọhùn. Ó máa ń dùn mọ́ òbí tí ọmọ bá pe “màmá” níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí inú bá ń run ún, tàbí tí ẹnìkan fìyà jẹ ẹ́, èdè wo ni yóò fi rojọ́?

Ìpinnu kan ló ti ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn: ní 1880, àpérò àwọn olùkọ́ adití ní Milan, ní Ítálì, dìbò pé ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ adití, kí wọ́n pa èdè ọwọ́ tì. Nínú aṣojú 164, ẹnì kan ṣoṣo ni adití. Ọdún 2010, ní Vancouver, ni àpérò irú rẹ̀ tó fagi lé ìpinnu náà.

Ní ti ọ̀rẹ́ kẹta inú ìtàn wa, Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó dífá, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bù ú níyọ̀. Oníbodè yìí ló fi ibi tí Àjàlá sá pamọ́ sí nítorí gbèsè hàn án. Ó san gbèsè náà, Àjàlá sì fi ọ̀pá irin dán orí wò kó tó yan èyí tó le fún un.

Lójú tèmi, àgbà adití ni oníbodè wa. Irú wọn ni Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití. Ó dé Gánà ní 1957, ó dá ilé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ àti ní Ìbàdàn, èdè ọwọ́ sì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ìfọhùn o. Àwọn adití kan wà tó ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n ta ló ní ọwọ́ kò lè gbé ọ̀rọ̀? Ìka ọwọ́ ni babaláwo fi ń tẹ odù sínú ìyẹ̀ròsùn.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ ìfọhùn, ẹ wá àgbà adití kan. Ẹ bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà èwe. Kí ẹ sì kọ́ èdè ọwọ́ pẹ̀lú ọmọ yín láti kékeré.