Olùkọ́ Tí Ó Bọ́ Sílẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Bí olùkọ́ bá fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kí ó dá ohun eléwu ṣe, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ṣe é ní àṣeyọrí, ǹjẹ́ èyí tó láti fi hàn pé olùkọ́ náà ṣe ohun tí ó tọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yára dáhùn pé ó tó. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí irú ìbéèrè yìí ti ń dìde nígbà gbogbo, èyíinì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti ń kọ́ ènìyàn láti wa ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní microlight.

Ọkọ̀ yìí kò jọ bàálù ńlá tí ń kó èrò lọ sí òkè òkun. Ènìyàn kan tàbí méjì péré ni ó ń gbà. Irú kan wà nínú wọn tí apá rẹ̀ jẹ́ aṣọ líle tí a nà sórí ọ̀pá, tí ìjókòó àti ẹ̀rọ rẹ̀ sì so rọ̀ lábẹ́ aṣọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó níwájú, olùkọ́ a jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá kan ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ yà sí òsì, ọ̀tún ni yóò ti ọ̀pá náà sí. Bí ó bá fẹ́ kí imú ọkọ̀ gbé sókè, iwájú ni yóò tì í sí. Ẹni tí ó ti mọ mọ́tò wà tẹ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ máa ṣe é ní òdìkejì.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ ti le. Bí ó bá ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣe àṣìṣe, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní mọ̀ ọ́n láéláé; bí ó bá sì pẹ́ jù kí ó tó gbà á, àwọn méjèèjì ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Wọn kò rí microlight, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé wọ́n mọ bí àwọn méjì yìí ṣe jókòó.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olùkọ́ yóò bọ́ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ awakọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2002 béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fò fún wákàtí 25 ó kéré tán, kí 10 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí òun nìkan dá fò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ ọjọ́ náà fún un ṣáájú, kí ó má baà pàdánù oorun rẹ̀. Wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ tán, olùkọ́ yóò tú bẹ́líìtì ara rẹ̀, yóò so ó mọ́ ìjókòó tí ó ṣófo, yóò sì wí pé: "Lọ yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sì padà wá." Yóò kìlọ̀ fún un pé, níwọ̀n bí òun kò ti sí níbẹ̀ mọ́, ọkọ̀ yóò yára gòkè ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ. Lẹ́yìn èyí, yóò dúró lórí koríko, yóò máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀gá ọkọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ó fún un láṣẹ. Òun bọ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ kò bọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá fojú inú wo olùkọ́ méjì. Èkínní mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kù sí, ó ti mú un balẹ̀ láìlo ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dúró di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ní ọ̀sán ni oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná tí afẹ́fẹ́ sì ń ru sókè. Èkejì rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ń ráhùn owó, pé ẹlòmíràn ń dúró de ọkọ̀, ó sì ní, "Lọ, kò séwu." Akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì lọ, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn bákan náà. Ṣùgbọ́n orí akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbè é lọ́dọ̀ olùkọ́ kejì yìí, kì í ṣe ìwà olùkọ́. Èyí tí ó tún burú jù ni pé oríire náà yóò kọ́ ọ láti tún un ṣe.

Ẹ yí i padà. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ èkínní ni ó balẹ̀ gbàgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Olùkọ́ náà yóò banújẹ́, yóò dáhùn ìbéèrè, yóò tún gbogbo ìṣe rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bi.

Ẹnì kan lè wí pé, "Kí ó tilẹ̀ má fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀ rárá." Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe olùkọ́ mọ́; ó di awakọ̀ tí ń gbé èrò kan náà kiri lójoojúmọ́. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ẹni tí ó dé láyọ̀ ti dé láyọ̀, kí ni a tún ń wá?" Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn ni a ń wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí á gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, nítorí ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Mẹkáníìkì kan wà tí ó fún ìdè kan le níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Akọ̀wé kan wà tí ó ń sọ fún ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá pé a kò ní fò lónìí, afẹ́fẹ́ kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé wákàtí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ bá fò ni a ń san owó rẹ̀ fún wọn. Ta ni ń pàtẹ́wọ́ fún ọkọ̀ tí kò gbéra? Ìwà rere tí ó wà nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní àbájáde kankan tí a lè tọ́ka sí. Bí ó bá jẹ́ pé àbájáde nìkan ni a fi ń díwọ̀n ìwà, a jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ẹni tí yóò di dókítà tàbí tíṣà lọ́la. Bí aláìsàn àkọ́kọ́ tí ó tọ́jú bá yè, èyí kò wẹ ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ náà kò tíì tó, tí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí olùkọ́ bá wí pé, "Kì í ṣe lónìí," ẹ má tètè pè é ní ìkórìíra. Ó lè jẹ́ pé ó ń wo afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yin kò tíì rí.

Ìdáhùn tèmi nìyí: kí ọkọ̀ tó gbéra ni a ti ń dá ẹjọ́ olùkọ́. Nígbà tí ó bá balẹ̀ láyọ̀, ọpẹ́ ni ó kù.