Olúwa Lo Ẹ̀rọ EEG Láti Tú Àṣírí Àìsàn Ọmọ Mi

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi wá jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ilé mi. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níhìn-ín ní Ṣakí, oko iṣu ni ọkọ mi ń ro. Ọmọ wa obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Lónìí ara rẹ̀ dá, ó ń kàwé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ ni fún Ọba òkè.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ dá mọ́ ọn lẹ́nu. Á ranjú mọ́ ibì kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ó pe orúkọ rẹ̀ títí, kò ní dáhùn. Kò ní ṣubú, kò ní yọ ìfófó lẹ́nu. Kí á tó mọ ohun tí a ó ṣe, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ti ń bá ohun tí ó ń ṣe lọ, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ń pọn omi, omi á kún ike á máa dà sílẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, òkèlè á dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, kò sí ọjọ́ kan tí kì í ṣe é, ó sì ń ṣe é láìmọye ìgbà lójúmọ́.

Oríṣiríṣi ni ohun tí a gbọ́. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn ọmọ yìí bí ojú, sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ló ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí á ra ìrèké, ẹ̀pà àti àkàrà, kí á pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Níléèwé, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n ní ó ń lajú sùn, wọ́n sì nà án lẹ́gba. Àwọn mìíràn ní etí rẹ̀ ló di. Kò sẹ́ni tó pè é ní wárápá, nítorí wárápá tí gbogbo wa mọ̀ ni èyí tí ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á máa jà, tí itọ́ á máa hó lẹ́nu.

A gbààwẹ̀, a gbàdúrà. Pásítọ̀ wa dúró tì wá nínú àdúrà náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún ọkọ mi pé, “Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọlọ́run tí à ń ké pè náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n.” Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi kọ́ ilé ìwòsàn sí ni Ṣakí. Ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ló jẹ́ pé inú ilé ìwòsàn náà ni a ti bí wọn.

Oògùn tí a kọ́kọ́ rí gbà níbì kan ni carbamazepine. Oògùn wárápá gidi ni, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìranjú ọmọ mi ń pọ̀ sí i. Dókítà kan ló wá sọ fún wa pé oríṣiríṣi ni wárápá, pé oògùn tó ń dá ọ̀kan dúró lè dá kún òmíràn, àti pé kò yẹ kí á máa lo oògùn ní ìméfò. Ó kọ létà fún wa, ó ní kí á lọ ya iná ọpọlọ ọmọ náà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn.

Kí á tó lọ, wọ́n ti sọ bí a ó ṣe múra. A tú irun tí mo dì fún un, a fi ọṣẹ fọ orí rẹ̀ mọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan òróró tàbí ìpara. Wọ́n ní kí oorun tí yóò sùn lóru kéré, nítorí oorun tí kò tó a máa jẹ́ kí ohun tó fara pamọ́ sínú ọpọlọ yọjú. Èmi àti bàbá rẹ̀ bá a ṣàìsùn, a ń pa àlọ́ fún un. A gba Ìṣẹ́yìn dé Mọ́níyà, a sì wọ Ìbàdàn.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ pé iná mànàmáná ni. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi iná sí ọmọ mi lórí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ EEG tí wọ́n fi ń ya iná ọpọlọ kì í fi iná kankan sínú orí. Iná tí Ọlọ́run dá mọ́ ọpọlọ ló ń gbọ́, tí ó ń kọ sílẹ̀. Iná náà kéré débi pé iná bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ju èyí tí wọ́n ń rí gbà lórí awọ orí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 10,000. Wọ́n fi téèpù wọn orí rẹ̀, wọ́n sàmì sí i níbi tó yẹ, wọ́n sì fi ìpara kan lẹ àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ ọn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ìkọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ẹ̀rọ. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n tan iná sí i lójú, tó ń ṣẹ́ pàápàápàá. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó máa mí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó mí, ó mí, ló bá dá dúró. Ojú rẹ̀ tún ranjú. Lójú kan náà, gbogbo ìlà tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú kọ̀ǹpútà dìde lẹ́ẹ̀kan náà: ṣóńṣó kan, ìgbì kan, ṣóńṣó kan, ìgbì kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò náà sọ sí i létí pé, “Àgbàdo.” Nígbà tí ojú ọmọ náà wálẹ̀, tí àwọn ìlà náà sì rọlẹ̀, ó bi í pé, “Kí ni mo sọ fún ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀?” Ọmọ mi ní, “Ẹ ò sọ nǹkan kan, mà.” Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ nà án lẹ́gba, ohun tí wọ́n sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀run ni, gbogbo wa fojú rí i níbẹ̀. Àìsàn ni. Wárápá ni orúkọ rẹ̀, ó sì lóògùn.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, oníkálukú pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀. Nínú irú wárápá yìí, gbogbo wọn á kígbe pọ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, iyè inú ọmọ á sì lọ títí wọn ó fi dákẹ́. Ó tún sọ pé Hans Berger, dókítà ọmọ Jámánì kan ní ìlú Jena, ló kọ́kọ́ ya iná ọpọlọ ènìyàn ní 1924, ó sì gbé e jáde ní 1929. Ní 1935 ni Gibbs, Davis àti Lennox ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ọmọ tí ń ranjú báyìí ní àmì ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn. Àmì tí wọ́n rí nígbà náà lọ́hùn-ún ni mo rí lórí ọmọ tí mo bí ní Ṣakí.

Ní UCH náà ni mo ti rí bàbá àgbẹ̀ kan tí ọwọ́ ń kú, tí kò lè di ọkọ́ mú mọ́. Àyẹ̀wò tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n fi iná díẹ̀ ta iṣan rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, ìka rẹ̀ sì ta pọ́n-ún. Ẹ̀rọ náà ka bí iná ṣe yára tó nínú iṣan tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ dé ọwọ́. Nínú apá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ó máa ń sáré tó mítà 50 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀tẹ̀ bá ti ba iṣan jẹ́, tàbí bí nǹkan bá fún un pa, á máa fà tàbí kí agbára rẹ̀ dínkù. Báyìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ní ọrùn, ní ọrùn ọwọ́ tàbí nínú iṣan fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Èkìtì tó ṣiṣẹ́ ní UCH, gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde ní 1968 lórí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí wọn kò lè rìn gbọn-in mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì fi iná yẹ iṣan wọn wò. Ó tọ́ka sí májèlé inú ẹ̀gẹ́ fún àwọn tí ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìrí ẹran àti ẹja jẹ tó. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló lọ láti ilé dé ilé ní Ìgbó-Ọrà ní Ìbàràpá, tí wọ́n rí i pé nǹkan bí ènìyàn márùn-ún nínú 1,000 ló ní wárápá. Ìbàràpá kò jìnnà sí wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ní i wà ní Òkè-Ògùn tiwa níhìn-ín, tí wọ́n wà nínú yàrá tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí.

Wọ́n dá carbamazepine dúró, wọ́n fi sodium valproate rọ́pò rẹ̀. Dókítà sọ fún mi gbangba pé nígbà tí ọmọ mi bá ń di ọmọge, a gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ oògùn náà yẹ̀ wò, nítorí ó lè ṣe oyún inú níbi. Ó tún ní ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní irú wárápá yìí ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń bàlágà. Ìranjú náà bẹ̀rẹ̀ sí dínkù, ó ń dínkù, títí tí a kò fi rí i mọ́. Ọmọ tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ ti wà lára àwọn tó ń léwájú ní kíláàsì rẹ̀. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló ń rán an létí oògùn lálaalẹ́. Ẹ bá mi gbé Jésù ga!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ wa, lọ́wọ́ dókítà tó kọ létà, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá ń ranjú lóòrèkóòrè tí kì í gbọ́ ìpè, ẹ fi ẹgba sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà. Ó ń fa súgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ko wárápá ran ẹnikẹ́ni. Ẹ bá a jẹun.

Bí wọ́n bá ṣe EEG tí kò fi nǹkan kan hàn, ẹ má sọ pé ayé ni. Wárápá lè wà kí iná ọpọlọ ọjọ́ yẹn má fi hàn. Nítorí náà, ẹ ròyìn ohun tí ẹ fojú rí fún dókítà, kí ẹ sì padà lọ bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní wárápá láyé, àti pé tó ìdá 70 nínú 100 wọn lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó yẹ. Ọmọ mi ti wà lára wọn. Ẹ gbé ọmọ tiyín náà jáde nínú yàrá, kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.