Àjàgà àti Ọrùn Tí A Gbé E Lé

Ibi kíkà: Ìwé Kìíní àwọn Ọba, orí 12, ẹsẹ 1 dé 20.



Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn lọ sí Ṣekemu, ní ọjọ́ tí gbogbo Israẹli pé jọ láti fi Rehoboamu jẹ ọba. Solomoni baba rẹ̀ ti kọ́ tẹ́ḿpìlì àti ààfin, ṣùgbọ́n òógùn àwọn ènìyàn ni a fi kọ́ wọn, a sì mú wọn sìn títí ó fi sú wọn. Kíyèsí i, wọn kò wá láti kọ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju kí ọba mú àjàgà náà fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò máa sìn ín.

Ọba ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ kẹta. Títí dé ibẹ̀, ó ṣe rere. Àwọn àgbà tí ó ti dúró níwájú Solomoni gbà á ní ìmọ̀ràn pé, bí òun bá lè ṣe bí ìránṣẹ́ fún àwọn ènìyàn náà ní ọjọ́ kan péré, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tútù dá wọn lóhùn, wọn yóò di ìránṣẹ́ rẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó fi agbára hàn, ti wọn ni ó sì gbọ́. Ó fi àkeekèé halẹ̀ mọ́ àwọn tí ó wá bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní ọjọ́ náà, ẹ̀yà mẹ́wàá yọ kúrò. Síbẹ̀ ọba kò lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Adoramu ni ó rán, ẹni tí í ṣe olórí iṣẹ́ àfipáṣe náà gan-an! Wọ́n sọ ọ́ ní òkúta pa, ọba sì sá lọ sí Jerusalẹmu.

Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọba àtijọ́ ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé ara wa. Ní ọdún 1864 ni a ya Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù nínú Kàtídírà Canterbury. Pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ni ó fi gbé iṣẹ́ Ìhìnrere ró ní etí Odò Ọya. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Ẹgbẹ́ C.M.S. rán àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere láti Ìlú Ọba wá tún iṣẹ́ náà tò. A kò wí pé kò sí àléébù láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà. Àwọn kan ṣe ohun tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Oníṣà, ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1890, àwọn àlejò náà dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ dúró, Áṣídíákónì Dandeson Crowther, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, sì wà pẹ̀lú wọn. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ baba arúgbó náà sí, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, ó sì sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọdún 1891.

Ní ọdún 1891 kan náà, àwọn kan kúrò láàrin wa ní Èkó, wọ́n dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ ẹnu Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àkóso ara wọn lábẹ́ Dandeson. Ọ̀ràn Oníṣà kò ṣàìwà nínú ohun tí ó fa méjèèjì. Ní oṣù Júnì ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a ya Crowther sí mímọ́, Justin Welby, tí í ṣe Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, dúró nínú Kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ ìdáríjì nítorí ohun tí a ṣe sí i. Ohun tí a ṣe ní ọjọ́ díẹ̀ ní Oníṣà, ó tó ọdún 124 kí a tó dúró níbẹ̀ tọrọ ìdáríjì rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìyípadà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní àtúnṣe. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ẹni tí ó ń gbé àjàgà má wo ọrùn tí ó ń gbé e lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin alùfáà àti ọmọ ìgbìmọ̀, nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa ilé ẹ̀kọ́ méjì pọ̀, tàbí kí ẹ gbé olùkọ́ lọ sí ibòmíràn, tàbí kí ẹ mú ẹ̀rọ titun wá sí ibi tí akọ̀wé kan ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Ẹ má rán Adoramu sí i. Ẹ pè é, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Kí ẹ tó parí ìmọ̀ràn, ẹ bi í léèrè pé: Ta ni ó ń tọ́jú ìyá rẹ? Níbo ni àwọn ọmọ rẹ yóò ti máa kàwé? Kí ni o mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí àwa kò mọ̀? Bí ó bá sì ṣẹ̀, òun nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ bá a wí, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti kọ́ wa. Bí ẹ kò bá lè yí ìmọ̀ràn padà, ẹ lè yí ohùn padà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, ẹ rántí pé àwọn ará Ṣekemu kọ́kọ́ sọ ìnira wọn níwájú ọba. Ẹ má ṣe máa kùn ní kọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí a kò sọ fún lè má mọ ibi tí àjàgà ti ń ha ni lára.

Ẹ wo Olúwa wa. Ó mọ̀ pé lílọ òun yóò mú ìyípadà ńlá bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, ó wẹ ẹsẹ̀ wọn, ó sì sọ fún wọn ṣáájú. Ó rí i pé ìbànújẹ́ kún ọkàn wọn, kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ohun tí wọn kò ì lè gbà ní alẹ́ náà, ó dá a dúró, ó sì ṣèlérí Olùtùnú fún wọn.

Bóyá lẹ́tà kan wà lórí tábìlì rẹ, ìwọ òǹkàwé, tí o kò tí ì fi ọwọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Rehoboamu ní. Kí o tó fi ọwọ́ sí i, dìde, kí o lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Kí Ẹni tí àjàgà rẹ̀ rọrùn kọ́ wa ní ìwà tútù rẹ̀, kí ó sì pa iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ní ìṣọ̀kan. Àmín.