Ìbéèrè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Ẹnikẹ́ni

Ẹni tó bá lọ dá Ifá kì í kọ́kọ́ rojọ́ fún babaláwo. Owó ni yóò gbé súnmọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì fi í lélẹ̀. Babaláwo kò gbọ́. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóru, nígbà tí ará ilé bá ti sùn: a ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin sínú fóònù, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n Google gbọ́ o, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì AOL ní Amẹ́ríkà kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí 650,000 èèyàn tẹ̀ síta fún àwọn olùwádìí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ. Síbẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn New York Times tọ ipa ohun tí obìnrin kan ń wá títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí à ń wá tó láti fi dá wa mọ̀.

Inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ kí ìkànnì rẹ̀ yọ sókè lórí Google láìsanwó ìpolówó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí yóò kọ síbẹ̀. Irinṣẹ́ Keyword Planner tí ọ̀pọ̀ ń lò, tìtorí àwọn tó ń ra ìpolówó ni Google fi ṣe é. Ó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan lóṣù, ó sì ń sọ iye owó tí àwọn olùpolówó ń dá lé e. Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò àti ti owó yíyá a máa wọ́n. Kò yà mí lẹ́nu: ibi tí ìdààmú bá wà ni ọjà ti ń yá.

Ká wá mú oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ̀òkúta. Ó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀ sí oníko. Ó mọ Ìbàdàndùn, àpẹẹrẹ tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, tí ṣíbí wà láàárín òpó. Ẹni tó fẹ́ rà á láti London kò mọ ìkankan nínú wọn. “Blue adire dress” ló ń tẹ̀. Ó yẹ kí oníṣòwò gbọ́ èdè oníbàárà, n kò bá a jà. Àmọ́ tó bá yẹ Ìbàdàndùn wò nínú Keyword Planner, ó ṣeé ṣe kó bá òdo níwájú rẹ̀, kó sì gbà pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wá ohun tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Òdo yẹn lè jẹ́ pé wọn kò fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló dákẹ́. Irinṣẹ́ náà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun àná ló ń kà. Google fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé ìdá 15 nínú 100 ohun tí wọ́n ń wá lójúmọ́ jẹ́ èyí tí òun kò tíì rí rí.

Ẹ̀yin aláàdìrẹ, ẹ kọ “blue adire dress” sókè kí wọ́n lè rí yín. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ìtàn Ìbàdàndùn tòpótòpó, tòun ti ṣíbí, bí òdo tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀.