Àṣírí Yàtọ̀ sí Ìtìjú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí fi hàn bí ojú òǹwòran ti yàtọ̀ sí ojú ẹni tí ọ̀ràn dé bá. Bí ọ̀dọ́ kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ mọ́lé, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó ń sọ pé ayé sú òun, ohun tí ó sábà ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn òbí rẹ̀ ni ohun tí aráyé yóò wí. Ìbéèrè tí ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òbí fi irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀ bò mọ́ra, àbí kí ó sọ ọ́ fún àwọn òbí mìíràn tí irú rẹ̀ ti dé bá?

Wèrè nìkan kọ́ ni àìsàn ọpọlọ; ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìpáyà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, nínú àwọn tí ó wà láàrin ọdún 10 sí 19, bí ẹnìkan nínú 7 ni ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ọlọ́mọ 42, ọmọ 6 nìyẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Dídákẹ́ òbí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, a máa ń wádìí bóyá wèrè wà nínú ìran náà. Ìyá sì mọ̀ pé ọmọ tí ó dára ni ti baba, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ẹni tí ó pa ẹnu mọ́ lè máa dáàbò bo orúkọ àwọn ọmọ yòókù. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dáàbò bo orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìtọ́jú ń kọjá lọ.

Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, tí ó yàtọ̀ sí títi aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Inú àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, ìbátan kan, ó kéré tán, sì ní láti bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Kò ṣòro láti rí i pé, níbi tí ó bá ti rí báyìí, ìyá tí ó mú ọmọ wá yóò rí ìyá mìíràn ní ojúlé kejì tí ó ru irú ẹrù kan náà. Ojú kò ní ti èkíní lójú èkejì. Bí òbí márùn-ún tàbí mẹ́fà bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù lónìí, irú àǹfààní yìí ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń gbádùn yóò sọ fún ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí a ti ń bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, àti bí tọkọtaya ti ń pín òru ṣọ́ ọmọ.

Àwọn kan lè jiyàn pé òbí tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń tú àṣírí ọmọ rẹ̀. Iyàn gidi ni èyí. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ kò ní finú han ìyá náà mọ́. Ṣùgbọ́n àṣírí yàtọ̀ sí ìtìjú. Ohun tí ọmọ sọ lóru, ohun tí ó kọ sínú ìwé, ti ọmọ ni. Kò tọ́ kí òbí sọ ọ́ síta láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Àìsùn òbí, ẹ̀rù rẹ̀, ìbínú rẹ̀ àti omijé rẹ̀, ti òbí ni. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òbí kì í ṣe dókítà fún òbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ilé-ìwòsàn ni a ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í dúró de ọjọ́ ìpàdé.

Ní ọdún 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́ ní Nàìjíríà. Òfin lè fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú ìtìjú kúrò lójú ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó ti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí ni ó mọ bí a ti ń sọ̀ ọ́.